Pípàgọ́ sun òru méjì ní Gbẹrẹfu, Àgbádárìgì: àyè, omi, òkun àti ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà

Ayọ̀Ìrìnàjò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ sun òru méjì ní erékùṣù Gbẹrẹfu, ní Àgbádárìgì, lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá: èmi àti ọkọ mi, ọmọ wa ọlọ́dún 11, àti àbúrò ọkọ mi tó ń ti London bọ̀. Àgọ́ wa gba ènìyàn mẹ́rin, ó ń dá dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀, èèkàn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ ta ni a ti ń gba àyè? Báwo ni omi tí a máa rù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ṣé ọmọ lè wọ inú òkun? A ò kàn fẹ́ lọ wo etí òkun lásán, a fẹ́ kí ọmọ yìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Báwo ni ká ṣe tò ó?

ÌdíkọMàrínà

Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àyè, torí bí ìyẹn bá wọ́, ìyókù ò lè tọ́.

Gbẹrẹfu kì í ṣe ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí ẹnì kan jókòó sẹ́nu géètì tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn Ègùn àti àwọn apẹja ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní baálẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ pàgọ́ sí sì ní ẹni tó ni ín. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó tú ẹrù kankan. Ẹ sọ iye ènìyàn yín, iye òru tí ẹ ó sùn, àti ibi tí ẹ ń wò gan-an. Ẹ gba amọ̀nà láti Àgbádárìgì, kó bá yín kí wọn. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Ègùn a mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà. Láàárín àwọn Ègùn, eégún tí wọ́n ń pè ní Zangbeto ló ń ṣọ́ ìlú lóru. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ti mọ̀ pé àlejò wà létí òkun kí wọ́n tó rí iná tọ́ọ̀ṣì yín lókèèrè. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé òru báyìí, kí ẹ má jáde, ẹ wà nínú àgọ́ yín, ẹ má sì gbé fóònù láti yà á.

Ọkọ̀: etí ọ̀sà ní Màrínà Àgbádárìgì ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́. Ẹ dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ san àlọ, kí ẹ di owó àbọ̀ mú títí wọn yóò fi wá gbé yín. Kí oníkálukú wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Ẹ wo ti ọmọ dáadáa: bí ẹ bá gbá èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú tí ẹ fà á sókè tó sì kọjá etí rẹ̀, ó ti tóbi jù, yóò yọ lórí rẹ̀ nínú omi. Ẹ má kọjá lóru. Ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ń léfòó lójú ọ̀sà, èyí tó kọ́kọ́ ya wọ Nàìjíríà láti ojú omi Àgbádárìgì yìí lọ́dún 1984, máa ń dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Lójúmọmọ, awakọ̀ á rí i, á yẹ̀ ẹ́. Lókùnkùn, ẹ́ńjìnnì á kú láàárín omi.

Ẹ tètè kúrò ní Èkó. Nítorí bodè Sẹ̀mẹ̀ tó wà níwájú, ibi àyẹ̀wò kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lójú títì Àgbádárìgì. Tí ẹrù yín bá jẹ́ tuntun tó ṣì wà nínú páálí, ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ dání.

OníTapólìn

Èèkàn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fi sílé. Iyanrìn ibẹ̀ gbẹ, ó sì ń yọ̀. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti fa okùn díẹ̀, èèkàn á jáde. Ohun tó ń di àgọ́ mú nínú iyanrìn ni ẹrù tó wúwo tí ẹ bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wá àpò mẹ́jọ, irú àpò ìrẹsì kékeré tó ń gba kílò 5. Mẹ́rin fún igun ìsàlẹ̀ àgọ́, mẹ́rin fún okùn òkè. Ẹ ra okùn ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 4, mítà 30, ẹ gé e sí mítà mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó ní àjẹkù. Fún àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50. Ẹ rọ iyanrìn tútù láti ìsàlẹ̀ ihò náà kún àpò, ẹ so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú ihò ní ìbú, ẹ bò ó, ẹ da omi òkun lé e, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Okùn náà kò gbọ́dọ̀ yọ jáde ní òòró. Ẹ la ojú kékeré nínú iyanrìn kí okùn lè dagẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpò wá sí ara àgọ́. Bó bá jáde ní òòró, afẹ́fẹ́ á máa fà á sókè tààrà, àpò á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí di ìdájí.

Ẹ̀yìn àgọ́ ni kó kọjú sí òkun, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá láti orí omi. Tí ẹ bá kọ ẹnu àgọ́ sí òkun torí kí ẹ lè máa rí i, àgọ́ á gbé afẹ́fẹ́ mì bíi ìgbòkun, ọ̀pá á sì ṣẹ́ níbi ìsopọ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ lè yí padà láti orí ilẹ̀ wá lóru, nítorí náà, ẹ so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè le ní ìwọ̀n kan náà, ẹ má dá ti ẹ̀gbẹ́ òkun nìkan so.

Tapólìn abẹ́ àgọ́ gbọ́dọ̀ kéré ju ìdí àgọ́ lọ díẹ̀ yíká. Bó bá yọ síta, omi ìrì tó ń ṣàn lára àgọ́ á bọ́ sórí rẹ̀, á sì gba abẹ́ yín kọjá. Ìrì pọ̀ níbẹ̀ lóṣù Kejìlá. Tí ẹ bá sì ti gbogbo fèrèsé pa nítorí òtútù, èémí ènìyàn mẹ́rin á di omi lára aṣọ àgọ́, á máa kán lé yín lórí. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ ní pípadé.

Níbo ni kí ẹ pa á sí? Ẹ wo ìdọ̀tí tí òkun tò sílẹ̀: igi, ike, èèpo àgbọn. Ẹ ó rí ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó wà lókè pátápátá, tó ti gbẹ tó sì ti ṣá, ni kí ẹ kà sí. Ẹ tún gòkè kọjá rẹ̀ dé ibi tí ewéko tó ń rá lórí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ewéko yẹn bá ti ta gbòǹgbò, omi òkun kì í sábà dé ibẹ̀.

Káyọ̀dé_Ọ̀jọ̀

Ẹ̀gbọ́n OníTapólìn, òkun wa kì í kún ju bíi mítà kan lọ. Ṣé kò le jù láti ní kí wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Abẹ́ àgbọn ńkọ́? Òjìji wà níbẹ̀.

OníTapólìn

Mítà kan yẹn ni omi fi ń gòkè tó sì fi ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kò ka ìgbì mọ́ ọn. Ìgbì tí ìjì dá sílẹ̀ lọ́nà jíjìn ní gúúsù Àtìláńtíìkì lè rìn dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ ní Àgbádárìgì. Bó bá bá òṣùpá àrànmọ́jú tàbí òṣùpá tuntun pàdé, nígbà tí òkun ń kún jù, ó ń gun iyanrìn kọjá ibi tó dé lánàá. Ìgbà òjò, láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, ló burú jù. Oṣù Kejìlá rọrùn, ṣùgbọ́n èèyàn tó sùn kò ní rí omi tó ń bọ̀.

Abẹ́ àgbọn: rárá o. Àgbọn tó gbó tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ wúwo ju kílò kan lọ, imọ̀ tó gbẹ náà ń já láìsọ tẹ́lẹ̀, pàápàá lóru tí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Ẹ fi mítà 10 sílẹ̀ sí ìdí igi. Tó bá jẹ́ òjìji lẹ ń wá, ẹ na tapólìn kejì sókè lórí ọ̀pá méjì. Ẹ tún rántí pé àgbọn yẹn ní olówó. Ẹ má mú èyí tó já sílẹ̀ láìbéèrè.

Adétutù_Omi

Ọ̀rọ̀ omi nìyí. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́, fún mímu àti síse. Ẹ ó débẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ẹ ó kúrò ní ọjọ́ kẹta. Ènìyàn mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta, lítà 48. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, àpò kan ní 20 nínú, ìyẹn lítà 10. Àpò márùn-ún nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 50, ìrìn láti èbúté Gbẹrẹfu dé etí òkun sì tó bí ìdajì wákàtí nínú iyanrìn tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín rù ú nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà ọkọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹrù bá ti wà nílẹ̀ lódìkejì.

Ẹ má tò ó sílẹ̀ lórí iyanrìn. Akàn ń lu ọ̀rá náà, oòrùn sì ń sọ omi inú rẹ̀ di gbígbóná tó ń rùn ike. Ẹ kó o sínú páálí tàbí kúlà tó ní ìdérí, lábẹ́ òjìji.

Omi kànga: lábẹ́ erékùṣù bẹ́ẹ̀, omi òjò tó rì sínú iyanrìn ló léfòó lórí omi iyọ̀. Kò jìn, ìdí nìyẹn tí kànga ibẹ̀ fi rọrùn láti gbẹ́. Ìdí nìyẹn náà tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fi lè dé inú rẹ̀ kíákíá. Ẹ gba àyè, kí ẹ fa kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan fún ìwẹ̀ àti àwo, kó tó yín. Tó bá di dandan láti mu ún, ẹ sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Omi òkun ni kí ẹ fi fọ ìkòkò kọ́kọ́, kí ẹ wá fi omi kànga ṣàn án.

Ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tí wọ́n lè yá yín. Bí kò bá sí, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó jìn sí kànga èyíkéyìí ní 60 mítà ó kéré tán, kó má sì sí ní ọ̀nà tí àwọn apẹja ń gbà fa àwọ̀n. Ẹ di bébà yín sínú ọ̀rá, ẹ gbé e padà.

Ẹlẹ́sẹ̀Òkun

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn wọ inú òkun níbẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò dùn ún. Etí òkun ìwọ̀-oòrùn Èkó dagẹ̀rẹ̀ gan-an, ìgbì ò ní ibi tí yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Orí iyanrìn gan-an ló ti ń fọ́, ó sì ń fà padà pẹ̀lú agbára. Omi tó dé orúnkún àgbàlagbà lè gbá a lẹ́sẹ̀. Kò sí òmùwẹ̀ adóòlà tó jókòó ń wo yín.

Ibi tó tún ń tan èèyàn jẹ ni ojú omi tó dà bíi pé ó dákẹ́ láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń fọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀, ìfófòó àti iyanrìn inú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà òkun. Ibẹ̀ ni gbogbo omi tí ìgbì gbé wá ń gbà padà. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó léfòó, kó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n rí i, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, lọ́gbọọgba pẹ̀lú etí òkun, títí yóò fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ìgbì wá gbé e bọ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fò sínú omi tọ̀ ọ́ lásán. Ẹ so okùn mítà 20 mọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé pa, ẹ fi sí ẹnu àgọ́. Ìyẹn ni kí ẹ jù sí i.

Bí ọmọ bá fẹ́ ṣeré omi, ẹ bẹ amọ̀nà kó fi ibi tí kò jìn han yín ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, kó wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

ÌtànLókè

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè nípa ìtàn náà, torí ọ̀pọ̀ ń sáré lọ sí etí òkun láti ya fọ́tò nìkan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tò ó bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn yẹn lọ.

Ọjọ́ kìíní, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ lọ sí ọjà ẹrú Vlekete. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìkẹ́rúsí Sèríkí Abass. Ogójì yàrá ni wọ́n ní ó ní nígbà náà, pẹ̀lú fèrèsé tó kéré gan-an. Ẹ dúró pẹ́ níbẹ̀, nítorí ìtàn onílé náà ṣòro: ọmọ Yewa ni Abass, wọ́n kó òun gan-an lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà, òun náà sì wá di oníṣòwò ẹrú. Ọmọ ọlọ́dún 11 lè bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò ní ìdáhùn sí. Ẹ jẹ́ kó bi í. Ẹ tún wo ẹ̀wọ̀n àti irin ìdẹnu ní ilé Mobee. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá kọjá ọ̀sà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé etí òkun. Ọ̀nà kan náà ni.

Lójú ọ̀nà yẹn ni kànga tí wọ́n sọ pé wọ́n ń mú àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ sọ ọ́ fún ọmọ: ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Ẹ ó gbọ́ ọdún 1502 fún ọjà Vlekete lẹ́nu àwọn amọ̀nà. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gba ọdún yẹn. Ohun tí àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi hàn kedere ni pé láti àwọn ọdún 1730 sí 1739 ni Àgbádárìgì di èbúté ẹrú ńlá, lẹ́yìn tí Hendrik Hertogh, ará Nẹ́dálándì, tẹ̀dó síbẹ̀. Bahia ní Brazil ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó kó ẹrú láti etíkun wa yìí forí lé, ìdí nìyẹn tí Ṣàngó àti Yemọja fi ní ilé níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ fi ilé alájà àkọ́kọ́, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta tí ẹ bá ń padà. Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kìíní, kò yẹ kí wọ́n dà á pọ̀ sínú wákàtí kan náà.

Ohun kan tí mi ò lè ṣàìsọ: ẹ má pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn, ẹ má sì pa á sábẹ́ òpó ìrántí tó wà létí òkun. Ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ orin lọ. Àwọn ènìyàn wà tó ń ti Amẹ́ríkà àti Brazil wá síbẹ̀ láti sunkún àwọn baba ńlá wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ìkòròdú

Àbúrò ọkọ yín láti London: bó bá ti lé lọ́dún díẹ̀ tó ti ń gbé ibẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ ní láti kékeré láti bá ibà jà ti rọ̀. Kó rí dókítà tàbí apòògùn níbẹ̀ fún òògùn tó ń dènà ibà kó tó wọ bàálù. Atovaquone-proguanil, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó di ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá kúrò. Tó bá jẹ́ doxycycline ni wọ́n fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi lò ó lẹ́yìn tó bá kúrò. Kó má dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ le.

Kantíkantí kéré ju ojú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ, wọ́n sì pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀. Aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, àti òògùn ìlé-ẹ̀fọn tó ní DEET láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ lóṣù yẹn.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí ẹ bá ń rìn láàárín abúlé. Jìgá wà nínú iyanrìn tí ẹran àti ènìyàn ń tẹ̀ ní abúlé etí òkun. Ẹ wo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbogbo yín lálaalẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: àmì dúdú kékeré láàárín funfun, tó ń yún, nígbà púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi iná sun ni wọ́n fi ń yọ ọ́, odindi, láìfọ́ ikùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi òògùn apakòkòrò pa ojú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá láìpẹ́, kó gbà á kó tó lọ.

Káyọ̀dé_Ọ̀jọ̀

Oúnjẹ ńkọ́? Èmi á ní kí wọ́n dáná igi. Igi pọ̀ tí òkun gbé wá.

Adétutù_Omi

Igi òkun ti mu iyọ̀, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó sì máa ń ba ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ́. Èyí tó gbẹ dáadáa, ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ló wà, wọ́n fi ń yan ẹja. Kí màmá gbé kóòlù pọ́ọ̀tù kékeré àti èédú kílò 4. Kílò méjì tó fún ọjọ́ kan. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ẹ fi iyanrìn yí i ká, ní mítà mẹ́ta sí àgọ́, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé ẹ̀ta iná lọ bá aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ inú àgọ́ nítorí òtútù ọyẹ́, kódà bó bá ti fẹ́ẹ̀ kú. Èédú tó ń jó láìní ọwọ́ iná ń tú atẹ́gùn olóró jáde tí kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kì í jí mọ́. Omi ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe iyanrìn: iyanrìn ń bo iná mọ́lẹ̀ láàyè, ọmọ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀.

Ayọ̀Ìrìnàjò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku méjì: nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, àti aago tó yẹ kí ọkọ̀ wá gbé wa lọ́jọ́ kẹta. Bàálù àbúrò ọkọ mi ń gbéra ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ náà ní Ìkẹjà.

ÌdíkọMàrínà

Fóònù: bodè ò jìnnà, fóònù lè já mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì máa jẹ owó yín. Ẹ wọ ibi ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ pa èyí tó ń yan fúnra rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ yan ti Nàìjíríà. Ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ ojú omi àti ti amọ̀nà sórí bébà pẹ̀lú.

Bàálù aago 11 alẹ́ yẹn kò bá òru kejì mu dáadáa. Ó yẹ kó ti wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní aago mẹ́jọ alẹ́, títì Àgbádárìgì kò sì ṣe é fọkàn tẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ ò bá lè yí ọjọ́ bàálù padà, kí ọkọ̀ wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgọ́ ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ilé alájà yẹn, ẹ wò ó fún wákàtí kan, kí ẹ sì ti wà lójú títì kó tó di aago 11 àárọ̀.

OníTapólìn

Bí ẹ bá ń tú àgọ́, ẹ da iyanrìn inú àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà sínú ihò, kí ẹ dí ihò náà kí ẹsẹ̀ apẹja má baà kó sí i. Nílé, kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ fi omi lásán fọ síìpù àti ọ̀pá. Iyọ̀ ń jẹ irin fúyẹ́fúyẹ́, síìpù tó bá sì gbẹ pẹ̀lú iyanrìn àti iyọ̀ nínú á fà ya nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó. Ẹ sá a lábẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó ká a.